Pátákó Tó Dí Ojú Ìsọ̀ Rísíkátù

Ìrun àsùbáà kò tíì tó kí nígbà tí mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká ní ọjọ́ Ajé yẹn, síbẹ̀ Màmá mi ti jí ṣáájú mi. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn bo orí, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú bí ẹni pé olè ni mí. Kò ní kí n lọ kí n bọ̀ láyọ̀. Ohun tó sọ ni pé, "Má wulẹ̀ pè mí lórí fóònù láti ibẹ̀ pé ara ẹ̀ le. Mú un wá kí n rí i." Mo ní mo ti gbọ́. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dé ìdí ọ̀kadà tó ń dúró dè mí.

Ẹni tó ní kí n mú wá ni àbúrò mi obìnrin, Rísíkátù, tí gbogbo ilé ń pè ní Ríṣí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ti wà ní Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, tó ń ta abọ́ tánganran àti ìkòkò ní Treichville, àdúgbò àtijọ́ tó wà lẹ́bàá èbúté. Ọkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, ti kú síbẹ̀. A rò pé yóò padà wálé lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ní ìsọ̀ yẹn ni òun fi ń jẹun, òun ni òun fi tọ́ ọmọ òun, òun kò sì mọ ohun tí òun fẹ́ wá ṣe nílé.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lórí Wásáàpù. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ fi fídíò kan ránṣẹ́ sí àwọn ìyá ẹgbẹ́ àdínnì, láti ibẹ̀ ni ó ti wọ inú gúrúùpù ẹbí wa. Katakata ńlá ń wó ṣọ́ọ̀bù nínú rẹ̀, àwọn ènìyàn ń sá kiri, ọkùnrin kan sì ń pariwo ní èdè Faransé. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé wa tó gbọ́ Faransé. Àmọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́ ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọjà Treichville nìyẹn, pé wọ́n ti lé gbogbo ọmọ Nàìjíríà jáde ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Màmá rí obìnrin kan tó wé gèlè aláwọ̀ aró nínú rẹ̀, ó ní Ríṣí nìyẹn, ó sì bú sẹ́kún.

Odidi ọjọ́ méjì ni mo fi ń pe Ríṣí tí kò wọlé. Nígbà tó wọlé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní fídíò yẹn kì í ṣe ti àwọn, kì í tilẹ̀ ṣe ti Abidjan, pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbé e kiri, ìlú tí wọ́n ń dá sọ́rùn rẹ̀ ni wọ́n kàn ń pààrọ̀. Mo gbé fóònù fún Màmá kó gbọ́ fúnra rẹ̀. Ó gbọ́, ó dá a lóhùn, ó ṣàdúrà fún un, ó sì dá fóònù padà fún mi pẹ̀lú omi lójú. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe nílẹ̀ wa. Bí aburú bá ṣẹlẹ̀, àgbàlagbà ni a kọ́kọ́ ń fi pamọ́ fún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n Màmá kan ṣoṣo kú sí Kàdúná tí wọ́n sì sin ín síbẹ̀, odidi oṣù kan ni a fi ń sọ fún un pé ara rẹ̀ ń mókun. Kò gbàgbé. Láti ìgbà náà, bí a bá ṣe ń sọ fún un tó pé kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dá a lójú tó pé nǹkan wà. Kò jẹun dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí n kò ní ibì kan tí mò ń lọ láàárọ̀, èmi ni ẹbí ní kí n lọ mú Ríṣí bọ̀.

Ọ̀kadà gbé mi kọjá ẹ̀rọ omi tó wà ní ìkòríta wa. Olóṣèlú kan tí n kò ní dárúkọ ló gbẹ́ ẹ, ó sì ya àwòrán ara rẹ̀ sára táǹkì, eyín rẹ̀ funfun báláú. Omi náà kò yọ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni wọ́n ń wá tún àwòrán yẹn kùn. Bí ó bá jẹ́ pé omi ni wọ́n ń rọ síbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń da ọ̀dà sí i, à bá máa wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Mo fi ìbínú yẹn bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò mi.

Èkó ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ tààrà sí Abidjan. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n kọ ọ́ sára bọ́ọ̀sì náà pé ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà. Ẹ̀rọ amúlétutù wà lóòótọ́. Ti íńtánẹ́ẹ̀tì, àwòrán rẹ̀ nìkan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ti di ẹrù kún inú rẹ̀ dé òrùlé. Obìnrin tó jókòó tì mí, tó ti ń ná ọ̀nà náà tipẹ́, ní kí n má da ara mi láàmú, pé ohun tí wọ́n bá kọ sára bọ́ọ̀sì kì í ṣe fún àwọn èrò inú rẹ̀, fún àwọn tó wà níta ni.

Ní Sẹ̀mẹ̀ a sọ̀ kalẹ̀, a tò, a fi káàdì yẹ́lò hàn, a sì fẹsẹ̀ rìn kọjá. Bí a bá ti rékọjá ààlà kan báyìí, fóònù mi á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: ẹ káàbọ̀ sí Benin, ẹ wá ra dátà, ẹ káàbọ̀ sí Togo, ẹ wá jẹ ẹ̀bùn, ẹ káàbọ̀ sí Ghana, ẹ wá ta tẹ́tẹ́. Kí a tó dé Accra, àwọn fídíò ìpolówó tó ń fúnra wọn ṣí ti jẹ gbogbo dátà tí mo rà tán, n kò sì tíì fi pe ẹnì kankan. Oúnjẹ ló tù mí nínú. Ní Kútọnu mo jẹ àkàsà, tí í ṣe ẹ̀kọ tiwa gan-an, ewé tí wọ́n fi pọ́n ọn ló yàtọ̀. Ní Ghana mo jẹ kẹ́ǹkẹ́ pẹ̀lú ata àti ẹja díndín; òun náà bá ẹ̀kọ tan, ṣùgbọ́n ó kan jù ú lọ, ó sì pẹ́ nínú ẹni.

Wọ́n ti ti ẹnubodè nígbà tí a dé Elubo ní ìpẹ̀kun Ghana, nítorí náà inú ọkọ̀ la sùn sí. Òwúrọ̀ Ọjọ́rú la kọjá sí Noé ní ìhà kejì. Láti ibẹ̀ ọ̀nà dán, igi rọ́bà àti ọ̀pẹ tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún wákàtí púpọ̀, n kò sì rí kòtò tó tó kà. Mo ń retí èyí tí yóò jẹ́ kí n lè sọ pé tiwọn náà ò dára, ṣùgbọ́n n kò rí i.

Oòrùn ti gòkè dáadáa nígbà tí a wọ Treichville. Ríṣí ti ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárín gbogbo èrò, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Bọ̀dá." Ó sanra sí i, ẹsẹ̀ méjèèjì pé, kò sí àpá katakata kankan lára rẹ̀. Mo yọ fóònù kí n ya àwòrán rẹ̀ fún Màmá. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, pé Màmá á ní àwòrán àtijọ́ ni. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, a sì mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò sọ.

A fẹsẹ̀ rìn lọ sí ìsọ̀. Mo mọ̀ ọ́n nínú àwòrán tó máa ń fi ránṣẹ́: abọ́ tánganran olódòdó pupa, ti olódòdó àwọ̀ ewé, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn títí dé àjà, ojú títì gbooro. Mo wà níwájú, mò ń wo ọ̀tún wo òsì, mo sì ti kọjá rẹ̀ tó ogún ìṣísẹ̀ kí n tó gbọ́ tí Ríṣí ń pè mí padà. Mo yíjú, mo sì rí ohun tó dí mi lójú.

Òpó irin méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó itan àgbàlagbà, wọ́n rì wọ́n sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ gan-an. Pátákó ìpolówó tí wọ́n gbé lé e fẹ̀ ju ìsọ̀ lọ, ó sì sọ̀ kalẹ̀ láti òrùlé dé àyà ènìyàn, débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní láti tẹ̀ ba bí ẹni tó ń wọ ilé adìyẹ. Wọ́n ya ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù sórí rẹ̀, wọ́n sì kọ nǹkan gàdàgbà sábẹ́. Mo bi Ríṣí ohun tí wọ́n kọ. Ó ní, "Wọ́n ní íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn kì í já." Mo wo fóònù mi. Kò sí nẹ́tíwọ̀kì kankan níbẹ̀.

Ìdìbò àwọn aláṣẹ àdúgbò ń bọ̀ lọ́nà ní àkókò náà. Ojú ènìyàn mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti lẹ̀ mọ́ òpó méjèèjì, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Ríṣí ní mẹ́rin nínú wọn ti wá sí ìsọ̀ òun pẹ̀lú fìlà àti ẹ̀wù tí wọ́n ya ara wọn sí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọlé, wọ́n sì ṣèlérí pé bí àwọn bá ti wọlé ìbò, ọjọ́ kejì ni pátákó yìí á kúrò. Ó bi wọ́n pé ta ló ń dí wọn lọ́wọ́ láti bá òun yọ ọ́ lónìí. Wọ́n ní kó ṣe sùúrù.

Nínú ìsọ̀, gílóòbù ń tàn ní ọ̀sán gangan. Ó ṣàlàyé bí ọjà rẹ̀ ṣe ń tà fún mi. Àwọn ìyá tó fẹ́ fọmọ fọ́kọ ló ń ra abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Inú tasín ni wọ́n ti ń rí òdòdó abọ́ lójú títì, wọ́n á ní kí awakọ̀ dúró, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á kọjá lọ sí ọjà Adjamé. Láti bíi oṣù kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìpolówó kan ti wá ri pátákó yìí síbẹ̀, ojúmọ́ kan lè mọ́ kó ṣú kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní èló. Ó sọ̀rọ̀ yìí, ó ń fi aṣọ nu àwọn abọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bọ̀dá, mi ò ní purọ́ fún yín," ó ní. "Fídíò yẹn, irọ́ ni. Èyí kì í ṣe irọ́. Onílé ń bọ̀ *fin du mois*, ní ìparí oṣù, láti wá gba owó ọdún tó ń bọ̀. Tí pátákó yìí bá ṣì wà níbí lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní san án. Màá kó ẹrù, màá tẹ̀ lé yín lọ sílé."

Kí n sọ òtítọ́ fún ẹ̀yin tó ń ka èyí: inú mi dùn. Ọjọ́ méje péré ló kù kí oṣù parí. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi, tí mo ti ń ronú bí màá ṣe fi ẹ̀bẹ̀ àti ìbínú ṣe é, pátákó ti bá mi ṣe é. Mo ti ń rí ojú Màmá nínú ọkàn mi bí Ríṣí ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Mo sọ fún un pé Ọlọ́run á ṣe é, mo sì mọ èyí tí mo fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ojú sì tì mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ rẹ̀ Mariama wá sí ìsọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìtajà oògùn. Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí a bá sọ, ṣùgbọ́n tó bá di kó fèsì, Faransé ló ń yọ jáde. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìjọba ní kí wọ́n ti máa fi ẹjọ́ pátákó sùn. Ó ní láti jáde lọ dúró sí ìkòríta kí fóònù rẹ̀ tó rí nẹ́tíwọ̀kì, mo sì tẹ̀ lé e. Fọ́ọ̀mù náà ní kó kọ nọ́ńbà tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí i. Nọ́ńbà kò dé. Nígbà tó fi máa dé, fọ́ọ̀mù ní àsìkò ti kọjá. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó kù kó tẹ ibi tó kẹ́yìn, ìpolówó tíì tó ń fa ikùn wọlé já lu ojú fóònù, ó bo gbogbo rẹ̀, ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti pa á kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó wò mí, èmi ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó ní, "Tonton, mo ti ṣe é *cinq fois*. *Ça tourne, ça tourne*, ó kàn ń yí ni." Ẹ̀ẹ̀marùn-ún nìyẹn. Ó ní láti sáré lọ síbi iṣẹ́.

Obìnrin kan wà tó ń ta oúnjẹ lábẹ́ pátákó náà, Awa Koné lorúkọ rẹ̀. Atíẹ́kẹ́ ló ń tà pẹ̀lú ẹja díndín. Gbágùúdá ni wọ́n fi ń ṣe atíẹ́kẹ́; ó jọ gààrí tí wọ́n bu omi rin, ṣùgbọ́n ooru ni wọ́n fi sè é, ó sì rọ̀ lẹ́nu. Abọ́ kan pẹ̀lú ẹja tó dára, ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà, owó tiwọn. Kí pátákó tó dé, inú oòrùn ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń jẹun. Báyìí wọ́n ń jókòó pẹ̀lú ìrọ̀rùn lábẹ́ òjìji, ọjà rẹ̀ sì ń lọ sókè bí ti Ríṣí ṣe ń lọ sílẹ̀. Mo wò ó, mo ní èmi àti obìnrin yìí nìkan ló ń jèrè nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo ti ṣì í wò. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Awa nu ọwọ́ mọ́ ara aṣọ rẹ̀, ó wọlé wá bá Ríṣí, Ríṣí sì ń túmọ̀ fún mi, ó ní kí àwọn fi íńtánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ó ní ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pátákó ní Plateau, àdúgbò ìjọba tó wà ní òdìkejì ọ̀sà, òun mọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Traoré, pé kí àwọn lọ bá a lójúkojú lọ́jọ́ kejì. Ríṣí rán an létí pé bí pátákó bá kúrò, òjìji rẹ̀ náà kúrò nìyẹn. Ó ní òun mọ̀, ṣé òun lè máa jẹun lójú Ríṣí tí Ríṣí ń kó ẹrù ni? Mo gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Òwúrọ̀ Jímọ́ọ̀ ni àwa mẹ́ta wọ ọkọ̀ ojú omi láti Treichville sọdá ọ̀sà lọ sí Plateau. Igba sẹ́fà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, kò sì pẹ́ tí a fi dé. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa kún inú rẹ̀, wọ́n ń wo fóònù, àwọn ilé gíga báńkì àti ti ìjọba dúró lókè omi níwájú wa. Ó wù mí púpọ̀. Àwa ní ọ̀sà ní Èkó, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà mí níbẹ̀. Ti ibí yìí, mo jókòó bí ọ̀gá.

A gba nọ́ńbà, a jókòó, a dúró títí. Nígbà tó kàn wá, ọkùnrin tó ń jẹ́ Traoré fi gíláàsì sí imú, kò sì gbójú sókè. Ríṣí fi Faransé ṣàlàyé ọ̀rọ̀ rẹ̀ fínnífínní. Ó dá a lóhùn ní gbólóhùn kan pé orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gba ẹjọ́ báyìí. Ó ti ń wo ẹni tó kàn lẹ́yìn wa nígbà tí Awa fi ọwọ́ lu tábìlì rẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní ohùn tí gbogbo yàrá gbọ́. Ríṣí ń sọ ọ́ fún mi ní Yorùbá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ létí.

"Ó ní ta ló gbé ẹrú òun jókòó sórí àga. Ó ní àwọn Traoré ò mọ̀ ju ẹ̀wà jíjẹ lọ, pé ẹ̀wà ti kún inú ẹ̀ débi pé kò lè dìde lọ wo nǹkan tó wà nílẹ̀."

Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe òun lóore, ó ti gbọ́dọ̀ pe "sà" lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jókòó. Mo ní ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Kí Ríṣí tó gbá mi mú, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì, fìlà mi yí lọ sábẹ́ tábìlì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gbọ́ tiẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ báyìí. Ebi ló ń pa á." N kò mọ ibi tí ebi ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ gíláàsì. Awa náà di tábìlì mú, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ríṣí fà mí dìde, ó sì ṣàlàyé fún mi. Àwọn Koné àti àwọn Traoré ní àdéhùn kan láàárín ara wọn láti ayé àwọn baba ńlá wọn, ní Dyula, èdè wọn, wọ́n ń pè é ní *sinankunya*. Ibikíbi tí Koné bá ti pàdé Traoré, wọ́n lè pe ara wọn ní ẹrú, kí wọ́n pe ara wọn ní ajẹ̀wà, ẹni tí wọ́n bú kò gbọ́dọ̀ bínú, ó sì ṣòro fún un láti kọ ohun tí èkejì bá bẹ̀ ẹ́. Èyí tó sún mọ́ ọn nílé wa ni àwàdà ọmọ-ọmọ àti ìyá àgbà, tí ọmọ ń pè é ní ìyàwó òun tó sì ń bú ọbẹ̀ rẹ̀. Awa kò bú u. Ilẹ̀kùn ló ń kàn. Èmi ni mo dọ̀bálẹ̀ dí i.

Ọkùnrin náà yí tábìlì ká, ó gbé fìlà mi fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, nítorí mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, ó sì hàn pé ìdọ̀bálẹ̀ náà ká a lára. Ó bi Awa bóyá àgbà Anagó yìí, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ni ó mú wá láti bá a bẹ òun. Ó fa fáìlì kan yọ, ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi, ó ní kí Ríṣí bi mí léèrè: èmi tí mo jẹ́ àlejò, ṣé mo rí ìsọ̀ náà láti ojú títì nígbà tí mo dé?

Mo mọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ní mo rí i díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin náà kò ní mọ̀, Ríṣí á tẹ̀ lé mi wálé, Màmá á sì jẹun. Ríṣí dúró, ó ń wò mí. Mo rántí bó ṣe ń nu àwọn abọ́ tí ẹnì kankan kò wá rà.

Mo ní, "Sọ fún un pé n kò rí i. Mo rìn kọjá ìsọ̀ àbúrò mi bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá tẹ ìka mọ́ àwòrán kan nínú fáìlì, ó fi hàn wá. Kì í ṣe iwájú ìsọ̀ ni wọ́n fún ilé-iṣẹ́ náà láyè láti rì í sí. Igun kan ni, lára ògiri tí kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Bóyá ilẹ̀ ibẹ̀ le fún àwọn tó gbẹ́ ẹ ni, wọ́n kàn wá sí ibi tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ ọkùnrin náà wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú téèpù, ó wọ̀n ọ́n, ó tẹ̀ ba wọ inú ìsọ̀ bíi gbogbo wa. Ó ní wọ́n á gbé e lọ sí igun yẹn, kò dárúkọ ọjọ́, ó sì jẹ atíẹ́kẹ́ Awa kó tó lọ. Awa bi í bóyá kò sí ẹ̀wà nínú rẹ̀ fún un ni.

Sátidé kọjá, Àìkú kọjá, Ajé kọjá. Onílé ń bọ̀ ní Ọjọ́rú. Ríṣí ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá páálí kiri ìgboro láti fi di abọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò gbàdúrà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ní àárọ̀ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró, àwọn ọkùnrin márùn-ún bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n gbé pátákó náà kúrò lórí òpó, oòrùn wọ inú ìsọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo òdòdó ara abọ́ yẹn tàn. Wọn kò tíì hú òpó kejì tán tí tasín kan fi dúró, tí obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀, tó ń bẹ àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjá. Ríṣí ń sunkún lọ́wọ́. Èmi tí n kò gbọ́ Faransé ni mo na abọ́ sí i. Awa ní tirẹ̀ ti gbé tábìlì rẹ̀, ó ń tẹ̀ lé òjìji rẹ̀ lọ sí igun.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo jẹ́wọ́ fún Ríṣí pé lọ́jọ́ tí mo dé, mo fẹ́ kí pátákó náà dúró. Ó ń to abọ́ padà sórí pẹpẹ, kò yíjú. Ó ní, "Mo mọ̀, Bọ̀dá. Ó hàn lójú yín." Ó wá bu oúnjẹ fún mi, ẹja méjì dípò ọ̀kan.

Ní Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí onílé gba owó rẹ̀ tó lọ, mo wọ ọkọ̀ padà. Ọ̀nà kan náà, ìkíni fóònù kan náà ní ààlà kọ̀ọ̀kan, àmọ́ inú kò bí mi mọ́ bíi tìgbà tí mò ń lọ. Ohun tí mo kọ́ kò pọ̀. Ì báà jẹ́ ní Abidjan, ì báà jẹ́ nílé wa, ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lórí pátákó kò mọ̀ pé a wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn wà nídìí tábìlì kan níbì kan tó ṣì lè dìde wá wò ó, bí a bá rí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ti pinnu pé tí mo bá délé, màá lọ wá ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi ìkòríta wa.

Ọ̀sán Jímọ́ọ̀ ni mo délé. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Kò wojú mi, ẹ̀yìn mi ló ń wò, títí ọlọ́kadà fi yí padà lọ. Ó ní, "Òun dà?"

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Lójú ọ̀nà mo ti to ọ̀rọ̀ dáadáa, gbogbo rẹ̀ ayọ̀, kò sí ẹ̀gún kan nínú rẹ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì da gbogbo rẹ̀ nù. Mo sọ ti pátákó fún un. Mo sọ pé oṣù kan gbáko ni Ríṣí fi jókòó sínú òkùnkùn tí kò tà, pé ó ti ń wá páálí, pé ó sunkún. Mo sọ pé èmi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gbàdúrà kí ọjà àbúrò mi má tà mọ́, kí n lè rí i mú wálé. Mo sọ bí mo ṣe dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tí wọ́n ń bá ṣàwàdà. Kò rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo sọ ti oòrùn tó wọ ìsọ̀ àti obìnrin inú tasín. Mo ní nítorí ìyẹn ni n kò fi mú un wá.

Ó wá mí kanlẹ̀, ó ní ọmọ òun ń bẹ láàyè, ẹni tó bá fẹ́ tan òun jẹ kò ní kó irú ìyà bẹ́ẹ̀ wá sílé wá sọ fún òun. Ó pe ìyàwó mi pé kó gbé oúnjẹ wá, kó bu tòun náà sí i. Ó jẹ ẹ́ tán kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Bọ́ọ̀sì yẹn," ó ní, "ṣé èèyàn lè na ẹsẹ̀ níbẹ̀?"

Mo bi í ta ló ń lọ.

Ó ní, "Èmi ni. Òun ò lè fi ìsọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, mo ti gbọ́. Èmi ò ní nǹkan tí mò ń tà níbí."